Àwọ̀ Tó Sá Pamọ́

   

Nígbà tí ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ohun tí wọ́n ní kí n sọ ni iṣẹ́ ìròyìn àti òṣèlú. Mo kọ̀. Bí a bá fi lè dá òṣèlú sílẹ̀ níbí, ìrẹsì tó wà lórí iná yẹn kò ní í dùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ní Kẹ́mísírì ni mo fẹ́ sọ. Akọ̀wé wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, torí pé ó rántí ohun tí mo gbà nínú WAEC. C6 ni, ẹ má wulẹ̀ máa bi ara yín léèrè. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo lọ kọ́ ní Poli, kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mò ń ṣe ti jẹ́ kí n mọ bí a ṣe ń bi àwọn tó mọ̀ léèrè títí ọ̀rọ̀ yóò fi yé mi, mo sì ti fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá Búrẹ́ẹ̀tì ló jókòó síwájú yìí, àwọn ni yóò dájọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú pé mo pe ìnagijẹ yín lójú yín. Ẹ̀yìn yín la ti ń pè é fún ọdún mẹ́fà gbáko.

Ẹ jẹ́ ká padà sí lábù. Ẹ rántí tábìlì gígùn yẹn, àti ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tí kì í yọ omi. A ó fi pípẹ́ẹ̀tì fa omi bésì sínú fíláàsì ẹlẹ́nu tóóró, a ó kán phenolphthalein ẹ̀kán méjì sí i, gbogbo rẹ̀ á sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi zobo tí wọ́n bomi là. A ó wá máa tú ásíìdì sí i láti inú búrẹ́ẹ̀tì, díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Lójijì, ẹ̀kán kan ṣoṣo á bọ́ sí i, gbogbo omi á sì mọ́ gaara bí omi òjò. Ọ̀gá á pariwo pé, “Dúró níbẹ̀! Ka búrẹ́ẹ̀tì ẹ!”

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni àwọ̀ yẹn lọ?” Àwọn ará ẹ̀yìn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Kò lọ síbì kankan. Ó wà níbẹ̀. Ó kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ra ni.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò yé mi nígbà náà. Ó yé mi báyìí, mo sì fẹ́ kí ó yé yín kí n tó jókòó.

Adolf von Baeyer, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe phenolphthalein, ní 1871. Láàrin ọdún yẹn kan náà ló ṣe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, fluorescein. Inú mólékù àwọn méjèèjì ni òrùka kan wà. Bí òrùka yìí bá pa ẹnu dé, àwọ̀ kò sí. Bí ó bá ṣí, àwọ̀ á yọ. Ìyàtọ̀ wọn ni pé phenolphthalein kàn ń pọ́n ni, ṣùgbọ́n fluorescein ń tàn: bí ẹ bá tan iná búlúù sí i, òun náà á tan iná aláwọ̀ ewé padà sí yín. Òun ni àwọn dókítà ojú máa ń kán sójú ènìyàn kí wọ́n lè rí ibi tí nǹkan ti ha ẹyinjú.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Baeyer yìí náà ló wádìí ẹlú títí ó fi mọ bí a ṣe lè ṣe é nínú lábù láìlo ewé, iṣẹ́ tó ṣe lórí aró sì wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1905. Àwọn ìyá wa aláró ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo kò gba Nobel, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àṣírí náà ṣáájú rẹ̀. Bí wọ́n bá fa aṣọ yọ nínú ìkòkò aró, kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ ṣe bí àwọ̀ ewé tó ti ń pọ́n. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni yóò tó di aláró gidi. Àwọ̀ ti wà nínú aṣọ náà látilẹ̀, ó ń dúró de ẹni tí yóò wá ṣílẹ̀kùn.

Ó ti tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní SS3 Science mọ ẹni tí mo fẹ́ sọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Òun ni gólí wa, òun náà ló ń kó gbogbo wa rẹ́rìn-ín ní àkókò prep. Ní Poli, yàrá kan náà la jọ gbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009 ni ikọ́ mú un. A rò pé ọyẹ́ ni. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá, ẹran ara rẹ̀ ń lọ, aṣọ ibùsùn rẹ̀ á tutù rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́ fún òógùn lóru. Ó lọ sí ilé ìwòsàn kan. Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n ní àwọn kò rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ níbẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn ikọ́ olómi. Nígbà tí ìyẹn kò ṣiṣẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní ceftriaxone. Ara rẹ̀ á fúyẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ikọ́ á tún padà.

Ẹ mọ ẹnu ayé. Àwọn kan ní éèdì ni. Àwọn kan ní wọ́n fi nǹkan ṣe é nílé. Èmi ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo kó ẹrù mi kúrò nínú yàrá náà. Mo sọ fún gbogbo ayé pé owó ilé ló wọ́n jù. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo padà lọ kí i, ẹnu ọ̀nà ni mo sì ti kí i.

Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn mìíràn gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbìn ín, kí àwọn wo ohun tí yóò hù níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n dá. Ọjọ́ kọkànlá tí a sin ín ni èsì jáde. Kòkòrò TB ló hù.

Mi ò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tó wo máíkírósíkóòpù yẹn kò purọ́. Kò rí i lóòótọ́ ni. Ọ̀nà tó ń lò ti wà láti ayé Robert Koch, tó sọ fún aráyé ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta 1882 pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa àrùn náà. Ziehl àti Neelsen ló wá tún ọ̀nà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò náà láró ṣe kí ó lè pọ́n lójú. Ọ̀nà náà dára, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ojú tó lè rí kòkòrò, ó gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 5,000 sí 10,000 nínú mìlílítà kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kan. Bí ó bá dín sí ìyẹn, ẹ lè wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Gbígbìn sì nìyí, ó ń pẹ́ torí pé kòkòrò yìí kì í kánjú. Kòkòrò inú ìgbẹ́ lásán lè pín sí méjì láàrin ogún ìṣẹ́jú. Ti TB ń lò tó wákàtí 18 sí 24 kó tó pín lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rẹ́ wa kò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́wọ́.

Ìṣòro náà nìyẹn o: nǹkan kékeré wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ kò dé etí wa. Báwo la ṣe fẹ́ fún un ní gbohùngbohùn?

Ẹ fọkàn yàwòrán ìyá kan tó jókòó sínú ọjà tó kún, tó ń bó ẹ̀gúsí. Bí ẹ bá dúró lórí òkè tí ẹ ń wo ọjà, ẹ ò lè rí ìyá náà, ó kéré jù láàrin èrò. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń bó o ni ẹ̀gúsí funfun ń kún abọ́. Abọ́ kan kún, ó gbé òmíràn. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo iwájú rẹ̀ á funfun báláú, ẹ ó sì rí funfun náà láti òkè. Ìyá náà kò pọ̀ sí i, òun kan náà ni, kò sì tán nínú iṣẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi í hàn.

Ẹ́ńsáìmù ni ìyá yẹn. Ẹ̀gúsí tó ṣì wà nínú èèpo ni aró kékeré tí àwọn onímọ̀ Kẹ́mísírì ti ti ilẹ̀kùn mọ́, tí kì í tàn. Bí ẹ́ńsáìmù kan bá gé èèpo náà kúrò, aró á tàn, ẹ́ńsáìmù á sì kọjá sórí èkejì, ẹ̀kẹta, ẹgbẹ̀rún. Mólékù kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò lè rí á ti tan iná àìmọye. Ní 1961 ni Boris Rotman fi irú aró báyìí rí iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo. Ọgbọ́n tó dá ni pé ó fọ́n omi sí wẹ́wẹ́ nínú òróró sílíkóònù, tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan kéré jọjọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ torí pé bí ìyá ẹlẹ́gúsí bá ń da èyí tó bó sínú odò Ọ̀ṣun, ta ni yóò rí i? Ṣùgbọ́n bí ife kékeré bá ni, kíákíá ni yóò kún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ wa nìyí. Kòkòrò TB ní ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní BlaC. Ohun ìjà rẹ̀ ni. Bí pẹnisílíìnì tàbí àwọn ìbátan rẹ̀ bá wọlé, BlaC á gé wọn ní agbedeméjì, oògùn á di omi lásán. Ó wà lára ìdí tí pẹnisílíìnì kò fi ran ikọ́ ẹ̀gbẹ. Jianghong Rao ní Yunifásítì Stanford, àti Jeffrey Cirillo ní Texas A&M, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wá ronú pé idà tí olè mú dání ni kí àwọn fi mú olè náà. Wọ́n ṣe mólékù kan tó jọ oògùn ẹbí cephalosporin, wọ́n so aró tó ti ilẹ̀kùn mọ́ra mọ́ ọn. Kòkòrò á rò pé oògùn ló dé. BlaC á gé e bí ìṣe rẹ̀, aró á bọ́, iná á tàn. Á tún gé òmíràn.

Ní 2012 ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé Nature Chemistry. Aró náà ń tàn ní ìlọ́po 100 sí 200 lẹ́yìn tí BlaC bá gé e. Nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọn kò tíì fi nǹkan kan fọ̀, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi rí kòkòrò tó wà láàyè.

Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ ro èyí. Ceftriaxone tí wọ́n ń gún fún ọ̀rẹ́ wa, ẹbí cephalosporin ni. Irú nǹkan tí BlaC ń gé nìyẹn. Àmì tí gbogbo wa ń wá kiri ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nígbà tí èmi ń kó àpótí mi sórí ọ̀kadà. Kò sí aró lára rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Kí n má bàa sọ àsọdùn bí àwa oníròyìn ti máa ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó kù sí. Kì í ṣe ìyá kan ló mọ ẹ̀gúsí bó. Ẹnu wa kún fún kòkòrò mìíràn tí wọ́n ní ẹ́ńsáìmù tó jọ BlaC, bí wọ́n bá sì gé aró náà, a ó pe ẹni tí kò ní TB ní oní-TB. Nítorí náà ni wọ́n ṣe yí ìrísí mólékù yẹn padà, tó fi jẹ́ pé BlaC fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ́ńsáìmù TEM-1, tó wọ́pọ̀ lára kòkòrò mìíràn, lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,000. Ìṣòro kejì ni pé ẹ̀gúsí lè bó fúnra rẹ̀. Bí mólékù bá pẹ́ nínú omi, díẹ̀ nínú rẹ̀ á já láìsí ẹni tó gé e, iná kékeré á sì tàn lásán. Bí ẹ ṣe ń sọ iná gidi di ńlá, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ó máa sọ ti irọ́ di ńlá.

Ẹ wo àwọn ará Tel Aviv, Eran Sella àti Doron Shabat, ní 2009. Àwọn wọ̀nyí lọ jìnnà ju ìyá ẹlẹ́gúsí lọ: wọ́n ní kí ẹ̀gúsí tó bá bó tún lọ pe ìyá mìíràn wá. Hydrogen peroxide ló ń ṣí mólékù tiwọn. Bí ó bá ṣí, choline á bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aró. Ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ti fi síbẹ̀ á sọ choline náà di hydrogen peroxide tuntun, èyí á tún lọ ṣí òmíràn. Ẹ mọ bí òfófó ṣe ń tàn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì: ènìyàn kan sọ fún méjì, méjì sọ fún mẹ́rin, kí aago ìjẹun tó lù gbogbo ilé ti gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mólékù kan bá ṣèèṣì ṣí fúnra rẹ̀, òfófó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fún ìdí èyí, wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìgò kejì tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, kí wọ́n máa wo èyí tó kọ́kọ́ tàn. Bàbá Búrẹ́ẹ̀tì ń mi orí, ó jọ pé mo ti kúrò ní C6.

Ẹnìkan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ orúkọ rẹ̀: Mireille Kamariza, ọmọ bíbí Burundi. Ní Stanford, lọ́dọ̀ Carolyn Bertozzi tó pín nínú ẹ̀bùn Nobel ti Kẹ́mísírì ní 2022, ló ti so aró mọ́ ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní trehalose. Kòkòrò TB fẹ́ràn ṣúgà yìí, á mú un, á fi ṣe ẹ̀wù ara rẹ̀. Aró náà kì í tàn nínú omi. Inú ọ̀rá ló ti ń tàn, ọ̀rá ló sì kún inú ẹ̀wù kòkòrò náà. Ọdún 2018 ni iṣẹ́ yìí jáde. Kòkòrò tó ti kú kò lè hun ẹ̀wù, torí náà èyí tó wà láàyè nìkan ló ń tàn. Ẹni tó ń lo oògùn lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá oògùn ń pa kòkòrò rẹ̀, dípò kó máa rí òkú kòkòrò kó máa bẹ̀rù.

Ohun tí ẹ ó bá pàdé ní ilé ìwòsàn lọ́dọ̀ wa báyìí kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn. GeneXpert ni, ẹ̀rọ tí àjọ ìlera àgbáyé WHO fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá 2010, ọdún tó tẹ̀lé ikú ọ̀rẹ́ wa. Ọgbọ́n kan náà ni, ọ̀nà mìíràn ló gbà. Dípò kó fi ẹ́ńsáìmù gé aró, ó ń da DNA kòkòrò náà kọ: ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Bí ẹ bá ṣe é ní ìgbà 30, ọ̀kan ti lé ní bílíọ̀nù kan. Mólékù kékeré kan tó ká kò bí irun tí wọ́n dì, tí Tyagi àti Kramer gbé jáde ní 1996, ló ń dúró de DNA náà. Aró wà ní ìdí rẹ̀ kan, ohun tó ń bo iná mọ́lẹ̀ wà ní ìdí kejì. Bí ó bá rí DNA tó bá a mu, á nà tàntàn, àwọn méjèèjì á jìnnà síra, iná á tàn. Kò tó wákàtí méjì tí èsì fi ń jáde, á sì sọ bóyá kòkòrò náà ti ń gbó rifampicin lẹ́nu. Èyí tí wọ́n pè ní Ultra, tó dé ní 2017, lè rí kòkòrò tí kò ju nǹkan bí 16 lọ nínú mìlílítà kan. Ẹ rántí 5,000. Ó fẹ́ iná mànàmáná ṣá o, àti káátírìǹjì, bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá wọ́n, ẹ̀rọ á di àga.

Ẹ̀yin tí wọ́n ki owú bọ̀ nímú ní 2020, irú iná bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi wá Kòfíìdì lára yín. Aró FAM tí wọ́n ń lò nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò yẹn, ọmọ fluorescein ni, àbúrò phenolphthalein inú fíláàsì wa.

Ó ku ohun méjì. Àkọ́kọ́, bí ikọ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì lára yín tàbí lára ọmọ yín, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá GeneXpert ni. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn TB ní àwọn ibi tí ìjọba ti ń tọ́jú rẹ̀, oṣù mẹ́fà sì ni oògùn náà sábà máa ń gbà. Bí wọ́n bá ní àwọn kò rí nǹkan kan, tí ikọ́ kò lọ, ẹ tún padà lọ. Èmi náà ti lọ, ó pẹ́ kí n tó lọ o, wọn kò rí nǹkan kan lára mi.

Èkejì ni ti ìyá ọ̀rẹ́ wa. Wọ́n ṣì wà láyé, ilé wọn kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Láti ọjọ́ ìsìnkú, mi ò débẹ̀ mọ́. Lọ́la, bí a bá ti parí ìsìn ìdúpẹ́, mo fẹ́ lọ kí wọn, mo sì fẹ́ sọ ìdí tí mo fi kó kúrò nínú yàrá náà fún wọn. Àyè ènìyàn mẹ́ta wà nínú ọkọ̀ mi. Aago méjìlá la ó gbéra.